Rìdó Funfun

Òórùn káfúrà ṣì máa ń já mi láyà.

Bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá mi mú mi lọ wo sinimá ọba Faransé àtijọ́. Wọn ò tiẹ̀ wo ọba. Rìdó funfun tó ń wọ́ nílẹ̀ lójú fèrèsé ayaba ni wọ́n ń wò. Bí a ṣe délé, wọ́n ní, "Síkírá, wá aṣọ funfun fún mi nínú ọjà Bàbá rẹ."

Nísàlẹ̀ àpótí Bàbá, níbi tí káfúrà ti ń rùn, ni mo ti rí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé. Ìyá mi rán an, wọ́n ta á sójú fèrèsé. Yàrá kan ṣoṣo tí a ní dà bí ààfin.

Bàbá dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò bọ́ bàtà.

"Ìyá Síkírá, ṣé aṣọ tí mo rà pamọ́ pé kí ẹ fi sin mí lo ta sójú fèrèsé yìí?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọn ò dárúkọ mi. Atẹ́gùn fẹ́ rìdó náà, ó wú bí ẹni pé ènìyàn dúró sínú rẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé èmi ni mo pe ikú wọlé.

Bàbá fọwọ́ pa ojú rírán náà títí. "Ẹ fi sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ náà, kí ẹ tú u."

Wọ́n kírun, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń wo àyà wọn bóyá wọ́n ṣì ń mí.

Mo ti bímọ mẹ́ta kí Ìyá mi tó fi abẹ́ tú u. Ihò abẹ́rẹ́ ò parẹ́ lára rẹ̀.