Ọwọ́ Warsiti Tó Ń Funfun

Ní ìlú Klaten, níbi tí wọ́n ti máa ń kun iwájú orí ìyàwó, bí ọmọbìnrin kan bá ń ṣègbéyàwó tí kì í bá ṣe Warsiti ló kun iwájú orí rẹ̀, àwọn àna á máa wo ara wọn bíi pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n kùn. Á gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, á wá fi àwọ̀ dúdú ya iwájú orí ìyàwó, ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀bọ láàárọ̀ á di ọmọ ọba lọ́sàn-án.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí àmì funfun kan yọ sí ìka rẹ̀. Ó rò pé àtíkè ni. Ó fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Nígbà tó yá, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, òmíràn sì gba ibi tí okùn aago máa ń ha ọwọ́ rẹ̀. Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ládùúgbò. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn kan ní àtíkè rẹ̀ ló bó o. Tugiman ọkọ rẹ̀ ní kó má mu mílíìkì mọ́, torí mílíìkì funfun.

"Bàbá Yanti, ìrẹsì ńkọ́? Ṣé dúdú nìyẹn ni?" ni Warsiti bi í.

Tugiman ronú díẹ̀. "Fi ìrẹsì sílẹ̀ jàre. Ìrẹsì ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Yanti ọmọ wọn ló fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Palupi.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, màmá, kì í sì í ranni," ni Palupi wí. "Àwọn ohun tíntìntín kan wà nínú awọ wa tó dà bí aláró, àwọn ló ń po àwọ̀ sí wa lára. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló ṣì wọ́n mú. Wọ́n rò pé ọ̀tá ni àwọn aláró, wọ́n ń pa wọ́n. Ibi tí aláró bá ti kú, ibẹ̀ á funfun."

"Ọmọ ogun tèmi? Tí mò ń bọ́?"

"Tiyín gan-an. Ibi tí nǹkan bá sì ti ń ha ara, wọ́n máa ń tètè sáré débẹ̀."

Warsiti yíjú sí ọkọ rẹ̀. Tugiman wà nínú àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò. Lọ́dún tó kọjá, ó na Parjo, àbúrò Warsiti, ní kùmọ̀, torí pé Parjo ń gbé adìyẹ ara rẹ̀ lọ sílé lóru, ó sì rò pé olè ni.

"Ó ti yé mi, dókítà. Irú wọn ni mo fi ṣe ọkọ."

"Parjo ò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo pè é!" ni Tugiman figbe ta. "Adìyẹ nìkan ló ń ké!"

Dókítà fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Ó fún Warsiti ní ìpara tí yóò pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú, ó sì ní kó máa wá dúró síwájú iná kan tí wọ́n fi ń tànmọ́lẹ̀ wo awọ ara sàn ní ọsibítù. Ó kìlọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

Àárín èyí ni ìgbéyàwó Wulan, ọmọbìnrin kan ládùúgbò, bọ́ sí. Sarinten, ìyá àgbà ọmọ náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Warsiti, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò ní kan ọmọ mi lásán. Wọ ìbọ̀wọ́."

Warsiti gbé ìtìjú mì, ó wọ̀ ọ́. Ooru mú, òógùn kún inú ìbọ̀wọ́, ìka yọ̀, àwọ̀ dúdú sì ṣàn láti iwájú orí Wulan dé imú. Ọmọ wo dígí.

"Ìyá àgbà! Mo ti di ológbò!"

Ìyá àgbà fi itọ́ nu ún; ó di ológbò tó ń sunkún. Àwọn àna ti ń sọ̀ kalẹ̀ níta.

"Bọ́ ọ! Bọ́ nǹkan burúkú yẹn!" Ìyá àgbà fi eyín fa ìbọ̀wọ́ náà yọ. Ó wá di ọwọ́ aláwọ̀ méjì náà mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọwọ́ lásán mà ni. Jọ̀ọ́, kun ọmọ mi."

Warsiti kùn ún. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilà tó fà gún régé. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà ló ń polówó rẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí oṣù gorí oṣù, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, tótòtó bí irúgbìn, láti ìdí irun kéékèèké. Ìka kọ̀ jálẹ̀. Palupi ní ìdí irun ni àwọn aláró tuntun ti ń jáde, irun ò sì sí lórí ìka.

Tugiman ní òun lè fa irun àyà òun tu, kí wọ́n gbìn ín sí i.

"Ẹ kọ́kọ́ gbìn ín sórí yín, Bàbá Yanti," ni Warsiti wí. "Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣófo."