Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Fi Sínú Agbálùmọ̀

Ní ilé wa ní Ìkòsì, bàbá mi kì í fọn fèrè ọkọ̀ kí á tó ṣí géètì fún un. Kó tó yà wọ àdúgbò wa láti Kétu la ti máa ń gbọ́ ọ. Àyà ni ọkọ̀ yẹn ti máa ń kọ́kọ́ dún kó tó dé etí. Màmá mi á gbé omi èbà kaná, èmi á sáré lọ fa géètì, nígbà tí bàbá mi bá fi máa ki ẹsẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, onílẹ̀kùn méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn bí ohun tí kò ní í tán. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá bàbá mi nídìí iṣẹ́ títì ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, wọn ò tíì bí mi nígbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ agbálùmọ̀ tó pọ́n, bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Agbálùmọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Bí bàbá mi bá fẹ́ kí á ṣíná ọkọ̀ náà, kì í ní kí á ṣíná rẹ̀. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ló máa ń wí, á sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Lójú tirẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn láyé. Ní òdìkejì títì sí ilé wa, obìnrin kan wà tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Gbogbo ọkọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò bá tẹ́ bàbá mi lọ́rùn, ẹ̀rọ ata yẹn ló máa ń fi wọ́n wé. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò wa kan ra bọ́ọ̀sì onídísẹ̀lì, tó wá fi han bàbá mi, tó ń jẹ́ kó kù gbàgàgbàgà níwájú ilé kí ó lè gbàdúrà sí i, bàbá mi rọra tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ kú orí ire o. Kí lẹ ń lọ̀ níbẹ̀ yẹn, rodo ni àbí tàtàṣé?" Ọkùnrin yẹn kò kí wa fún ìgbà pípẹ́. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí a fi sá wọlé.

Lẹ́yìn ikú màmá mi, rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kò sọ nǹkan kan rárá. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lè ṣàdédé bọ́ jáde lónìí, ó lè má bọ́ síbi tó yẹ. Á ní "omi" nígbà tó ń fẹ́ kí á gbé òun jókòó. Á ní "bẹ́ẹ̀ ni" pẹ̀lú omijé lójú. Torí èyí ni gbogbo àwọn tó ń wá kí i fi gbà pé kò mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á máa bi mí léèrè, "Ṣé ó ti jẹun?" bí ẹni ń bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ilé bàbá mi ni mo wá bímọ sí, ibẹ̀ náà ni mo sì jókòó sí, nítorí pé ta ni kò bá jókòó tì í? Ọkọ mi ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń wẹ àwọn méjèèjì, ọmọ mi àti bàbá mi, ọmọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ nítorí pé bàbá mi fẹ́ràn láti máa wò ó. Ẹnu kan náà ni wọ́n ń là dè mí bí mo bá gbé ògì dé. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú tí bàbá mi fi ń wo ọmọ yẹn kì í ṣe ojú ẹni tí kò mọ nǹkan.

Ọdún kejì àìsàn yẹn ni bọ̀ọ̀dá mi wá mú Agbálùmọ̀ pé òun fẹ́ fi í lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ òun ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kó ṣọ́ omi ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ṣọ́ ọ. Iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń wà á lọ. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí lọ́rì padà wá sílé. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà nígbà tí wọ́n tì í wọlé. Ọkọ̀ ọ̀hún kọjá níwájú rẹ̀ láìfọhùn. Bàbá mi wò ó títí wọ́n fi tì í dé abẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn náà ló wá yí ojú padà sí géètì, bí ẹni pé ọkọ̀ mìíràn ló wọlé, pé tòun ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ yẹn, géètì ló ń kọjú sí nírọ̀lẹ́. Mo bá a yí àga, á tún yí ọrùn padà. Mo mọ ohun tó ń retí.

Mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìkà ni. Ọ́fíìsì tó ń lọ kì í jẹ́ kó sinmi, ilé rẹ̀ wà ní Gbàgádà nínú ẹ̀sìtéètì tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ òun ló ń ra oògùn bàbá mi, kò sì jẹ́ kó tán rí. Ó ní òun gbọ́, òun á tún ọkọ̀ náà ṣe. Mẹkáníìkì tó wá tú u ní kò sí ohun tí wọ́n lè tún ṣe níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni. A dá ọjọ́ Sátidé, pé ká jọ lọ wá òmíràn ní ọjà Òwódé Onírin. Mo ní èmi náà á lọ. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní, "Mo fẹ́ lọ gbọ́ ọ."

Ilẹ̀ Òwódé Onírin dúdú, ó ń yọ̀, ó ti mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yó. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà kó wọn jọ bí ẹni kó iṣu jọ, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán. Ó mú bọ̀ọ̀dá mi lọ sídìí èyí kan tí wọ́n tú kúrò lára bọ́ọ̀sì, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin... mo ṣì í pè, onídísẹ̀lì ni, kò ní plọ́ọ̀gì rárá. Kékeré, ó ṣù mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ wo èyí dáadáa. Bí ìyàwó ilé gidi ló rí. Kì í jẹun púpọ̀, kì í rẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ṣé ẹ bi ìyàwó ilé yín léèrè bóyá kì í rẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ní, "Ẹ má dá Mummy lóhùn, ọmọ ló ń dà wọ́n láàmú."

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ńkọ́?" mo ní. Mo ti rí i láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ńlá ni, ó tẹ̀ sórí táyà àlòkù kan, ihò plọ́ọ̀gì mẹ́rin wà lápá ọ̀tún, mẹ́rin wà lápá òsì.

Ọlọ́jà náà fọwọ́ nu ẹnu. "Ìyẹn? Mummy, ìyàwó olówó nìyẹn. Ọkọ̀ ńlá ará Amẹ́ríkà kan la ti tú u. Ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì yín gan-an ni."

Mo ní kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó wo bọ̀ọ̀dá mi kó tó ṣe é. Wọ́n gbé bátìrì wá, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì epo, ẹnì kan fi wáyà kan wáyà. Ó kọ́kọ́ wú ikọ́. Ó tún wú u. Lẹ́yìn náà ó dìde.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Àyà ni ó ti dún. Ilẹ̀ tí mo dúró lé gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ bàtà mi, ọmọ mi tó ti sùn jí, kò ké, ó kàn fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ ẹ̀yìn mi, ó dákẹ́ ó ń gbọ́. Ó ṣe mí bíi kí n sáré lọ fa géètì.

Bọ̀ọ̀dá mi na ọwọ́, wọ́n pa á.

"O fẹ́ kí n máa ra epo fún ariwo," ó ní.

"Kì í ṣe ariwo, bọ̀ọ̀dá mi. Ohùn ni."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ohùn?"

"Daddy."

Ó fi sùúrù wò mí, irú sùúrù tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ṣì ń ná ọjà lẹ́yìn tí ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́. "Daddy ò mọ nǹkan kan mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìwọ nìkan lo ń tan ara rẹ."

Mẹkáníìkì bọ́ sáàárín. Ó ní èyí ńlá yẹn kò ní gíá, ti kékeré ní gíá tirẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n, ta ni yóò máa tò ní ilé epo fún un? Bọ̀ọ̀dá mi ní kí ọkọ̀ náà ṣáà lè máa gbé Daddy lọ sí ọsibítù, kí n yéé dúró lójú títì máa bẹ onítakisí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé òótọ́ ni, bàbá mi sì ṣì ń wo géètì.

Mẹkáníìkì ní, "Mummy, ẹ lọ jókòó níbòji. Oòrùn ń pa ọmọ."

Mo lọ jókòó. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì bàbá mi, èyí tó ti nọ́ọ̀kì, sọ̀ kalẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù tí a fi gbé e wá. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́mù gbé e sórí ìwọ̀n. Wọ́n ka iye tó wúwo, wọ́n jù ú sáàárín àwọn irin yòókù, ó dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n de èyí tí bọ̀ọ̀dá mi rà mọ́ Agbálùmọ̀ tán ní ilé mẹkáníìkì, mo lọ wò ó. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn yẹn fún mi. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà wà nínú rẹ̀ bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀, àyè ṣẹ́ kù yí i ká tí ilẹ̀ hàn nísàlẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "Ẹ rí nǹkan? Ẹ lè máa fi ìrẹsì pamọ́ síbẹ̀." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí bọ̀ọ̀dá mi máa gbé e wálé, mo fá irùngbọ̀n bàbá mi. Mo wọ bùbá funfun fún un, mo gbé àga rẹ̀ jáde sí fàráńdà. N kò sọ ohunkóhun fún un. Nínú ọkàn mi, mo ṣì ń sọ pé bóyá bó bá ṣáà ti rí àwọ̀ rẹ̀ tó ń wọlé, á gbà pé tòun ti dé.

A gbọ́ ọ láti ọ̀nà Kétu. Kò dún láyà. Inú eyín ló ti ń dún. Bàbá mi gbé orí sókè, àmọ́ kò wo géètì. Òdìkejì títì ló yíjú sí, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń lọ ata. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì pa. Ó wò ó pẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e nínú ọkọ̀ tiwọn, Agbálùmọ̀ ń gbọ̀n gbàgàgbàgà níwájú wa. Bàbá mi wá rọra mú ojú bọ̀ lára ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó gbé e sórí ọkọ̀.

"Ata," ó ní.

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi pàtẹ́wọ́. "Hẹ̀! Daddy sọ̀rọ̀! Ẹ gbọ́, ata ni wọ́n ń fẹ́ jẹ o! Daddy, ata ni? Ẹ jẹ́ n lọ ra pẹ́pẹ́ súùpù fún yín."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ni wọ́n ń wí. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbàgbé ni? Bọ́ọ̀sì aládùúgbò wa?"

Bọ̀ọ̀dá mi pa ọkọ̀. Ó dúró, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ti rántí. Ó ní, "Má bẹ̀rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n ni."

Wọ́n ra pẹ́pẹ́ súùpù dé lóòótọ́. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàbá mi, tìfẹ́tìfẹ́. Bàbá mi wú ikọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ìyàwó náà ń nù ún fún un, ó ń sọ pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń dùn mọ́ wọn." Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ọkọ̀ tiwọn, wọ́n gba Gbàgádà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ bàbá mi tán ni obìnrin òdìkejì tan ẹ̀rọ ata rẹ̀. Bàbá mi tẹ́tí. Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wo Agbálùmọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó wá wò mí, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó nà án sí ọkọ̀, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó kù fún un sì gòkè.

"Rodo," ó ní.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ mi náà ń rẹ́rìn-ín nítorí pé mò ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi ń wò wá bí ọkùnrin tó ti padà dé láti ìrìn àjò. Mo pọn ọmọ, mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agbòòrùn ní ìta títì, mo ní kó bá mi pe bọ̀ọ̀dá mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, Daddy ní rodo ni!"

"Kí ni?"

"Rodo! Ọkọ̀ yẹn! Àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀, bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣáà dín rodo náà kù. Dókítà ní kí wọ́n má máa jẹ ata."