Gbádéyan Kì Í Gé Àdírẹ́sì Kúrú

Kò sí ọlọ́kadà l'Ọ́rẹ̀ tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Gbádéyan, tó ń kọ́ni ní kóòdù kọ̀ǹpútà lẹ́yìn gáréèjì, gun ọ̀kadà Sùlèímọ̀n. Sùlèímọ̀n bi í pé níbo ló ń lọ. Ọ̀gá tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ọ̀rẹ̀, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́."

Sùlèímọ̀n pa ẹ́ńjìnnì. "Bàbá, ilé yẹn náà lẹ ń wò lódìkejì títì yìí."

"Mo mọ̀. Ká ní abúlé Ajue la wà, ṣé 'òdìkejì títì' á gbé ọ débẹ̀?"

Alágídí pọ́ńbélé ni. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ kò lè sọ pé iyọ̀ wà ní pẹpẹ kejì kó má bèèrè bóyá láti òkè ni àbí láti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgídí yìí náà ló yọ Hafeezah, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Ajue ń wá ẹni tí yóò máa fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ wọn nígbà tí ọmọ igi kòkó bá dé. Hafeezah fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Ó kọ ètò tó ń ka orúkọ wọn láti inú fáìlì kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere nílé. Níwájú àwọn àgbà, wọ́n ní kó ṣe é díẹ̀díẹ̀ kí àwọn rí i. Ó tẹ bọ́tìnnì tí ẹ́dítọ̀, ìyẹn ojú ibi tó ti ń kọ kóòdù, fi ń yẹ kóòdù wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí fáìlì. Bẹ́ẹ̀, fáìlì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò yẹn gan-an, nínú fódà kan náà. Alága ẹgbẹ́ ti ń wá fìlà rẹ̀ kó máa lọ. Bàbá aládùúrà kan ti gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà lórí, ó ń gbàdúrà.

Gbádéyan, tó tẹ̀ lé e wá, kò dìde lórí ìjókòó. "Níbo ló dúró sí?"

"Ta ni, sà? Èmi?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀rọ ni mo ń bèèrè."

Hafeezah ronú. Nílé, inú fódà tí fáìlì wà gan-an ló ti máa ń pe ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà fódà ńlá tó ṣí, èyí tí fódà kékeré yẹn wà nínú rẹ̀, ni ẹ́dítọ̀ dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti ń wá ohun tó wà nínú yàrá. Ó fi ìlà kan kún un, kí ètò kọ́kọ́ mọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó tó máa wá fáìlì. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ tò wálẹ̀. Bàbá aládùúrà ní àdúrà ti gbà. Gbádéyan ṣe àmín, ó ní àdírẹ́sì náà sì pé.

Ó papòdà lọ́dún tó kọjá, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá gidi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hafeezah, tó ti di òṣìṣẹ́ àwọn àgbẹ̀, gbé ọmọ igi kòkó kan dání lọ bá Sùlèímọ̀n. Ó fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọ̀gá rẹ̀. Sùlèímọ̀n mọ ibẹ̀ dáadáa, òun ló máa ń gbé Elizabeth lọ. Síbẹ̀, ó bi í pé níbo ni.

"Nàìjíríà," ni Hafeezah wí. "Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ajue, oko Gbádéyan, lábẹ́ igi ọ̀pẹ."

Sùlèímọ̀n jẹ́ kó sọ ọ́ tán pátá kó tó tan ọ̀kadà.