Àpò Fúláwà Tán, Ó Ku Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgbowó, ẹ̀yin ọmọ mi, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á láàárín, ni à ń gbé. Àǹtí kan tó máa ń ya àwòrán wà nínú yàrá tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé. Àpò fúláwà ló fẹ́ràn láti máa yàwòrán sí, àwọn àpò òwú funfun tó ń lọ gbà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì ní Òkè-Àdó. Á fọ̀ wọ́n, á rì wọ́n sínú sítáàṣì, á nà wọ́n mọ́ igi mẹ́rin. Ẹ ò rí i bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó bá ń fọ àpò! Orin ni yóò máa kọ.

Àfi ìgbà tí ìyá tó bí bàbá onílé wa dolóògbé. Màmá yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwọn ní fọ́tò rí láyé wọn. Bàbá onílé wá bẹ àǹtí pé kó bá òun ya ìyá òun kí ẹbí tó ti Ṣakí dé fún ìsìn ìrántí. Àǹtí ní kò le rárá, ṣebí ojoojúmọ́ lòun ń kí wọn. Ó gba Òkè-Àdó lọ. Oníbúrẹ́dì ní àpò òwú ti tán nílẹ̀, àpò ọ̀rá ni wọ́n ń kó fúláwà sí báyìí.

Ó gba ọ̀rá náà bẹ́ẹ̀. Ó ya màmá dé ọrùn, àwa ọmọdé ti ń pàtẹ́wọ́, àfi bí ọ̀dà ṣe gbẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Imú màmá ló kọ́kọ́ já bọ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, ṣùgbọ́n àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ń lọ, bàbá onílé kò sì ní nǹkan mìíràn tó máa fi rántí ojú ìyá rẹ̀. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì ni àǹtí dúró wo ilẹ̀kùn yàrá màmá, pákó lásán tí ẹnikẹ́ni ò kùn rí. Ó tọ bàbá onílé lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ya màmá sára ilẹ̀kùn yàrá wọn."

"Ilẹ̀kùn kẹ̀? O fẹ́ sọ ìyá mi di ilẹ̀kùn?"

"Sà, ṣebí ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n máa ń dúró sí kí gbogbo wa láàárọ̀?"

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà náà, ó ní kó máa yà á.

Ọ̀dà mú pákó náà ju bí àǹtí ti rò lọ. Ó ya màmá lódindi, tìró tìborùn, bí wọ́n ṣe máa ń dúró gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹbí dé, kò sí iná. Àbúrò màmá, ìyá arúgbó kan, ló ṣíwájú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orúnkún wọn ti kanlẹ̀ kí wọ́n tó rántí ohun tó gbé wọn wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, ọ̀nà ló jìn."

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan pákó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá onílé di ọwọ́ àǹtí mú ṣáá.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn àtijọ́ ni àǹtí ń wá kiri. Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn wá láti Baṣọ̀run.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Fọ́tò yín kún inú fóònù mi débi pé kò sáyè mọ́, mo sì ń gbádùn wọn. Àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó kúnlẹ̀ kí fóònù.