Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Sá Sóòrùn

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, apá ọ̀tún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Borokiri là ń gbé ní Port Harcourt, kété lẹ́yìn òmìnira. Ọmọdébìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ odò wẹ̀, ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé aṣọ lọ tà láwọn ìletò inú odò. Wọ́n ti sọ ọ́ pé ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bá kú, a óò kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ò sì fẹ́ lọ. Ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ sùn di àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ní Sátidé kan, ẹ́ńjìnnì já sódò. Okùn ewúrẹ́ ni Bàbá fi so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Àwọn apẹja bá wa gbé e jáde. Búrọ̀dá Tamuno, mẹkáníìkì ọmọ Okirika, ń sáré lọ síbi òkú, ó kàn pariwo pé: "Oga, no dry am o! Salt water dey inside. If breeze touch am, e don spoil. Put am for fresh water, make e sleep there. Tomorrow I go come."

Omi tí kò níyọ̀ ló ní ká rì í sí, kí atẹ́gùn má baà bà á jẹ́; àgbá omi òjò Màmá nìkan ló gbà á. Màmá wo omi mímu wọn, wọ́n wo ọkọ wọn. "Ohun tó ti inú omi jáde lẹ tún ń rì sómi? Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi mí sílé nítorí eéwo ẹsẹ̀. Mo yọjú sínú àgbá, àánú ẹ́ńjìnnì ṣe mí. Ṣebí Bàbá ló máa ń sọ pé, "Ohun tó bá tutù, oòrùn ni dókítà rẹ̀"? Ẹní, èlùbọ́, ìwé tí òjò pa, oòrùn ló wo gbogbo wọn sàn. Mo ti àgbá ṣubú, mo wọ́ ẹ́ńjìnnì sórí ẹní, mo sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Tamuno; wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì ti gbẹ, inú wọn dùn. "Ọmọ mi! Orí ẹ pé!" Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹran kún ẹran mi. Mo ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ tí Tamuno fi wọlé, tó káwọ́ lérí: "Who kill this engine?" Bàbá tọ́ka sí mi kíá. Wọ́n gba ẹran náà padà.

Tamuno yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi omi fọ iyọ̀ kúrò, ó da kẹrosíìnì sínú rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó sá a sóòrùn wá fa okùn tí wọ́n fi ń jí i. Mo fa okùn títí apá ọ̀tún mi fi ń ro mí. Gbogbo bí mo ṣe ń fà á, ojú ìyá bàbá mi ni mò ń rí. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó dún. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Màmá wo àgbá wọn tó ṣófo, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọ́n sì gbé garawa lé mi lórí.

Lọ́dún tó kọjá, fóònù mi já sínú garawa omi. Ọmọ ọmọ mi sáré fẹ́ yọ ọ́ kó lè sá a. Mo pariwo mọ́ ọn: "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀! Kí atẹ́gùn má kàn án!" Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú, ibẹ̀ náà ló kú sí. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé mo gbọ́n ju ọmọdébìnrin tó sá ẹ́ńjìnnì sóòrùn ní Borokiri yẹn lọ. Ó kéré tán, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ jí.