Àwọ̀ Tó Kúrò Lára Tẹlifíṣọ̀n Tíṣà

Tíṣà tó kọ́ mi ní físíìsì ní ilé-ìwé ìjọ wa l'Ókìtìpupa ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà hàn mí. Kì í ṣe èyí tó ní ojú. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, tí Tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, tó sì gbé sínú ilé ẹ̀rọ omi nínú ọgbà ìjọ. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìfami pé kó ṣiṣẹ́ tí táǹkì bá gbẹ, kó sì dúró tó bá kún. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi mu omi náà, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ti Àyèká wá sí ìpàdé àdúrà.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ránṣẹ́ sí mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Tíṣà dùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ omi náà fi dákẹ́.

"Ilé ẹ̀rọ omi ló ń wò lójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́," ni Màmá wí. "Jẹ́ kó rí i tó ń ṣiṣẹ́ kó tó lọ."

Mo yá kọ̀ǹpútà alágbèéká níbi iṣẹ́. Ètò awáṣìṣe kan wà nínú rẹ̀: tó bá ti lè bá irú pátákó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí èèyàn á fi rí ibi tó ti kọsẹ̀. Mo fa wáyà láti ilé ẹ̀rọ gba abẹ́ igi ọsàn, mo mú un gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ ilé wọn, kí Tíṣà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àmì wúruwùru nìkan ló ń jáde. Wáyà dára, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìyára kan náà. Tíṣà ti kọ ìyára náà sínú ìwé rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀ta àmì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi sí i, wúruwùru. Mo gbìyànjú gbogbo ìyára tó kù nínú ètò náà, pàbó.

Nírọ̀lẹ́, Màmá gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Ó wò wá yí ká.

"Odi mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀ mi báyìí," ó ní. "Ọkọ mi, ẹ̀rọ ẹ, àti ìwọ Ẹnjiníà tó ò tíì lanu látàárọ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ yìí ni kò gbọ́ mi."

"Àbí ìwọ ni o ò gbọ́ ọ."

Tíṣà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Sà, ṣé ẹ fẹ́ wo ìròyìn ni?"

Ó tún na ọwọ́ náà. Mo tan tẹlifíṣọ̀n fún un. Aláwọ̀ ni, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ló ń gbé jáde. Mo rò pé ogbó ló dé sí i. Tíṣà mi orí, ó mi orí, ó sì pa ojú dé. Omi jáde lójú rẹ̀. Mo nù ún, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi nawọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tan ìròyìn fún un. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí a ti ń ka Sáàmù létí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀mí bọ́.

Omi odò la rù láti fi se oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀. Èmi náà rù.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo ń ká wáyà mi. Màmá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí a kò tàn.

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mà, bóyá àwọ̀ á padà."

"Má ṣèyọnu. Ọdún tí àrá ba ẹ̀rọ omi jẹ́, tí ọkọ mi tún un ṣe, ni àwọ̀ ti kúrò lára ẹ̀. Mo bi í. Ó ní ṣé àwọ̀ la fẹ́ mu ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun kékeré kan wà nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀, kírísítà, tó ń lù bí ọkàn, tó sì ń pinnu ìyára rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní tirẹ̀. Tí a bá yọ ọ́, àwọ̀ á lọ. Tíṣà ti yọ ti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fi dípò èyí tí àrá bà jẹ́. Ó ń lù lọ́nà mìíràn, Tíṣà kò sì ṣàtúnṣe ìwé rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yẹn ń sọ fún mi nìyẹn.

Mo ṣírò ìyára tuntun náà. Kò tó ìdajì ti inú ìwé, kò sì sí lára àwọn tí mo ti gbìyànjú. Mo tún wáyà so. Kíá ni pátákó dáhùn, ó já gaara. Ètò náà fi hàn pé ń ṣe ló ń dúró de ìròyìn láti orí táǹkì, ìròyìn tí kò lè dé, torí ìpẹtà ti jẹ wáyà tó gba inú páìpù. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Kí agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó lù, omi ti ń dà.

Màmá dúró lójú fèrèsé ọkọ rẹ̀. Mo ní màá mú kírísítà mìíràn bọ̀ láti Ìbàdàn, kí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lè láwọ̀.

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀," ó ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọkùnrin náà ṣe olùkọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń tọrọ àforíjì ọjọ́ mẹ́ta yẹn lórí eékún mi. Ó ti fi ìdáhùn hàn mí, mo sì lọ tan ìròyìn.