Ẹ̀rọ Tuntun Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò Títí Àṣàbí Fi Kú

Àṣàbí Oyèwùmí kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn tí mo ti jẹ́ dókítà tó ń fi síkáànù wo aláìsàn ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Láti ibi tó kú sí dé ibi tí ẹ̀rọ tó lè gbà á là wà, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Iná kò lọ. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó, nítorí pé àlejò pàtàkì tí yóò wá ṣí i kò tíì dé.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló fi aṣọ bo ẹ̀rọ.

Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà, yunifásítì ń hù. Ẹni tó bá sùn ní Ilo-Awela lónìí lè jí lọ́la kó bá pátákó tuntun níwájú ilé rẹ̀. Àṣàbí rí oúnjẹ jẹ nínú rẹ̀. Télọ̀ ni, ọmọ Ìkirè, tó tẹ̀ lé Ephraim ọkọ rẹ̀ wá síbí nígbà tí ọkọ náà ríṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike. Ó ń rán aṣọ akọrin fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń rán ẹ̀wù ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Dókítà, akẹ́kọ̀ọ́jáde tí mo ti ránṣọ fún lé ní igba, èmi fúnra mi ò kàwé kọjá girama. Ó yẹ kí wọ́n fún mi ní oyè kan, kí wọ́n fi kọ́ ọrùn ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó pa á, nítorí pé "ẹ̀jẹ̀ dà" nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi dà?

Bí obìnrin bá lóyún, ibi ọmọ á lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ, á sì máa ta iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Nípasẹ̀ iṣan wọ̀nyí ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lẹ́yìn ìbímọ, ibi á ṣí kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde lára obìnrin rí, ojú àpá á wà níbẹ̀. Bí ibi oyún mìíràn bá wá jókòó lé ojú àpá yẹn, iṣan rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà, bí gbòǹgbò igi ọdán ṣe ń wọ ògiri tó ti sán. Ẹ fa gbòǹgbò yẹn tu, ògiri á tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Treasure, àkọ́bí Àṣàbí, jáde.

Ẹ̀rọ síkáànù tí à ń lò tẹ́lẹ̀, dúdú àti funfun ló ń fi hàn. Ó ń fi ara ibi hàn, kì í fi ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú rẹ̀ hàn. Ẹ̀rọ tuntun, tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan fi tọkàntọkàn dáwó rà fún wa, ń fi àwọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn: pupa bó bá ń bọ̀ síhà ẹ̀rọ, búlúù bó bá ń lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi ìka tọ́ iṣan tó ti kọjá ààlà. Nígbà náà a ó rán obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ á ti máa dúró dè é. Irú wọn ń yè. Mo ti rí wọn.

Oyún Àṣàbí pé ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ nígbà tó wá. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, mo rí i pé ibi jókòó sí ìsàlẹ̀, lórí ojú àpá gan-an, ó sì kún fún ihò bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Ara fu mí. Mo ní kí a ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ tuntun.

Mètírọ́ọ̀nù Rose, àgbà nọ́ọ̀sì wa, kọ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí wàhálà. Ọ̀gá Ọláníyan ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó yà á sí mímọ́." Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn náà.

Àṣàbí bú sẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. "Mà, èmi mà ni mo rán aṣọ yẹn! Ẹ jẹ́ n dìde kí n ká a fún yín. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní télọ̀ ló wá wọ̀n ọ́n."

"Sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́, Màmá Treasure. Ẹnu ẹ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ lọ."

"Abẹ́rẹ́ ló ń bọ́ mi, Mà. Ẹnu ló ń gbà mí."

Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan lórí fóònù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní, "Dókítà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù sí ọjọ́ ìyàsímímọ́. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà dúró. Òun gan-an la ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà wò níwájú àwọn àlejò. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rí ńlá nìyẹn?"

Ẹ̀rí! Ṣé oyún ni ènìyàn ń fi pamọ́ de ọjọ́ ayẹyẹ? Mo sọ fún Àṣàbí pé kó lọ ṣe síkáànù aláwọ̀ ní Èkó. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. "Kí n wá dójú ti Ọ̀gá ni, Dókítà? Wọ́n ti ní èmi ni n ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ fún un. Mo ti ń rán bùbá tí n ó wọ̀." Kí ni èmi wá ṣe? Mo kọ "ó jọ pé" sínú ìwé àbájáde. Mo kọ "kí a tún un wò". Ohun tó yẹ kí n kọ ni "ẹ gbé e lọ lónìí".

Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, nígbà tí ayẹyẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un kò rí ìwé àbájáde mi. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì aláìsàn, wọ́n kó o sínú fáìlì ayẹyẹ, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pè. Dókítà náà gbé ọmọbìnrin kan jáde láàyè. Ó fa ibi, bí a ṣe máa ń fà á. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà nínú fìríìjì wa.

Ayẹyẹ kò yẹ̀. Wọ́n ká aṣọ tí Àṣàbí rán, wọ́n pàtẹ́wọ́, obìnrin mìíràn dùbúlẹ̀, pupa àti búlúù hàn, wọ́n kọrin. Ta ló dárúkọ òkú? Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan dúpẹ́ pé gbogbo ètò lọ láìsí ìdíwọ́ kankan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ephraim wá bá mi, ọmọ tuntun wà láyà rẹ̀. "Dókítà, mi ò wá jà. Wọ́n sọ fún mi lọ́fíìsì ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ yẹn ò tíì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyàwó mi wá. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní irọ́ ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ó ṣiṣẹ́.

"Ká ní ẹ fi wò ó, ṣé ì bá wà láàyè?"

Mo ní n kò lè búra, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe gidigidi. Ó mi orí, ó tún ọmọ náà gbé, ó lọ.

Irọ́ tí wọ́n pa fún ọkùnrin yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ń béèrè pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde, kí ó jókòó ní gbangba. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wá ṣàlàyé àṣẹ tó pa. Kí ẹni tó kó ìwé aláìsàn sínú fáìlì ayẹyẹ wá sọ ẹni tó rán an. Kí wọ́n tún ìwé ikú Àṣàbí kọ, kí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi dà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n gbé e lé Ephraim lọ́wọ́, kí ọmọ náà lè rí i kà bó bá dàgbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe èmi tí mo kọ "ó jọ pé". N ó jókòó, n ó sì dáhùn. Ta ni yóò jókòó tẹ̀ lé mi?